Àgádágodo kékeré orí browser yín: ìtàn ìwé ẹ̀rí, kọ́kọ́rọ́ àti ìlà tó tẹ̀

1/ Owó "SSL" tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún nítorí sáìtì kékeré tí ẹ ní, ọ̀fẹ́ ni nǹkan náà láti ìparí ọdún 2015. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ká àwọn kan lára, ṣùgbọ́n ìtàn ló máa ṣàlàyé ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àṣírí ìjọba wà níbẹ̀, ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan tó lọ sójú òfúrufú wà níbẹ̀, ìlà kan tó tẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ fa àga súnmọ́ mi. 🧵

2/ Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Tí ẹ bá tẹ password sórí sáìtì báńkì yín, ó máa gba inú WiFi, gba ọ̀dọ̀ àwọn onínẹ́tíwọ̀kì, kó tiẹ̀ tún gba inú wáyà abẹ́ òkun kó tó débi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń kàn án lọ́nà. Ìṣòro méjì ló wà ńbẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa dì í tí ará ọ̀nà ò fi ní rí i kà? Báwo lẹ sì ṣe máa mọ̀ pé báńkì yín gan-an lẹ ń bá sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe olè tó wọ aṣọ báńkì?

3/ Ìṣòro kejì yẹn, àwọn baba wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ilàrí ló ń jíṣẹ́ Aláàfin. Wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn, wọ́n á fi apá kejì sílẹ̀. Ará ìlú òkèèrè lè má fojú rí Aláàfin láéláé, ṣùgbọ́n tó bá ti rí orí ilàrí, ó mọ ibi tí iṣẹ́ ti wá. Iṣẹ́ tí ìwé ẹ̀rí ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ó ń sọ pé: "Kọ́kọ́rọ́ yìí, ti sáìtì báyìí ni." Ẹni tí browser yín ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló sì fọwọ́ sí i.

4/ Ó yá, ìtàn. Títí di nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí, òun náà ni wọ́n fi ń ṣí i. Ẹ wá wò ó: èmi wà ní Ìbàdàn, ìwọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Báwo ni mo ṣe máa fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ránṣẹ́ sí ẹ? Tí olè bá gbà á lọ́nà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kọ́kọ́rọ́ gan-an tún nílò kọ́kọ́rọ́!

5/ Ọdún 1976 ni Whitfield Diffie àti Martin Hellman, ní Yunifásítì Stanford, gbé ìwé kan jáde tó yí gbogbo ẹ̀ padà. Wọ́n ní kí kálukú ní kọ́kọ́rọ́ méjì: ọ̀kan fún gbogbo ayé, ọ̀kan fún ara ẹni. Ohun tí wọ́n bá fi ti gbangba tì, ti àṣírí nìkan ló lè ṣí i. Ralph Merkle náà ti ń ro irú èrò yẹn lọ́tọ̀.

6/ Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1977, Ron Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman ní MIT wá rí ọ̀nà tó ṣeé fi ṣiṣẹ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ló di RSA. Wọ́n mú nọ́ńbà gbọ̀ngbọ̀nràn méjì tí kò ṣé pín, wọ́n sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn. Ó rọrùn láti ṣe. Láti tú u padà ló le. Bíi kéèyàn fi omi gbígbóná po ògì ni. Ẹ wá yọ ògì kúrò nínú ẹ̀kọ fún mi, kí n rí i.

7/ Ohun tó máa yà yín lẹ́nu rèé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ àṣírí ìjọba ní GCHQ ti ṣe é ṣáájú wọn. James Ellis mú èrò náà wá ní 1970, Clifford Cocks sì rí irú ọ̀nà RSA yẹn ní 1973. Ìjọba ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Wọn ò kéde ẹ̀ títí di December 1997, Ellis sì ti kú ní oṣù tó ṣáájú. Ẹni tó gbin àgbàdo, kò sí nílé nígbà tí wọ́n ń sè é jẹ.

8/ Kọ́kọ́rọ́ gbangba ti dé, ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ tí ẹ rí, ti Bọ́lá ni lóòótọ́? Ọdún 1978 ni Loren Kohnfelder, akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT, dáhùn ìbéèrè yẹn: kí ẹni tí gbogbo èèyàn gbà gbọ́ fọwọ́ sí ìwé kékeré kan tó so orúkọ pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́. Inú project tó fi gboyè àkọ́kọ́ ló kọ ọ́ sí o! Project yẹn náà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré parí kí ilẹ̀ tó mọ́.

9/ Ní 1988 wọ́n ṣe ìlànà kan tí gbogbo ayé lè tẹ̀ lé fún irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. X.509 lorúkọ ẹ̀, òun náà la ṣì ń lò títí dòní. Ní 1995 ni Netscape, tó ni browser tó lókìkí jù nígbà yẹn, gbé SSL jáde kí àwọn èèyàn lè máa fi káàdì rajà láìfòyà. Orúkọ SSL yẹn ló ṣì wà lẹ́nu àwọn tó ń tà á fún yín. TLS ni wọ́n ti ń pe arọ́pò ẹ̀ láti 1999.

10/ Bí ọjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún 1995 kan náà ni VeriSign bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan ní Gúúsù Áfíríkà, Mark Shuttleworth, dá Thawte sílẹ̀ láti máa ta irú ìwé ẹ̀rí yẹn. Nígbà tó di December 1999, VeriSign ra Thawte ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 575 dọ́là. Ìwé ẹ̀rí o! Kì í ṣe epo rọ̀bì.

11/ Ní 2002, Shuttleworth sanwó, ó wọ ọkọ̀ òfúrufú àwọn ará Rọ́ṣíà, ó sì di ọmọ Gúúsù Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé òfúrufú. Nígbà tó délé, ó fi lára owó náà dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004. Ẹ rántí orúkọ yẹn, torí orí Ubuntu ni ọ̀pọ̀ sáìtì tí ẹ ń lọ ń jókòó sí, ọ̀fẹ́ sì ni.

12/ Ṣùgbọ́n owó ìwé ẹ̀rí yẹn dá ìṣòro sílẹ̀. Báńkì lè san án. Ilé ìtajà ńlá lè san án. Ẹni tó ń kọ ìtàn, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìyá oníṣòwò kékeré ńkọ́? Wọ́n fi sáìtì wọn sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gan-an máa ń ti ojú ewé password nìkan, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ láìtì.

13/ Ní October 2010, Eric Butler gbé nǹkan kan jáde tó pè ní Firesheep. Ẹ fi sínú Firefox, ẹ jókòó síbi tí WiFi ọ̀fẹ́ wà, ẹ ó rí orúkọ àwọn tó wà lórí Facebook nínú yàrá yẹn. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti wọ inú àkáǹtì wọn. Butler ò ṣe é kó lè jalè, ó fẹ́ kójú ti àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ni. Ó sì tì wọ́n. Facebook àti àwọn mìíràn sáré lọ ti gbogbo ilẹ̀kùn.

14/ Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Ìṣòro RSA ni pé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ máa gùn sí i. Ní 1999 wọ́n já RSA oní-bit 512. Wọ́n sún un dé 1024, wọ́n tún sún un dé 2048. Kọ́kọ́rọ́ tó gùn ń jẹ agbára, ó ń jẹ àkókò, ó sì ń jẹ dátà. Fóònù kékeré ló máa ń kọ́kọ́ ké.

15/ Ojútùú ti wà nílẹ̀ láti 1985. Neal Koblitz ní Yunifásítì Washington àti Victor Miller ní IBM, kálukú ní àyè ẹ̀, dábàá ohun kan náà: ẹ jẹ́ ká lo elliptic curve. Ìlà kan tó tẹ̀ ni, tí wọ́n ń kọ báyìí: y² = x³ + ax + b. Kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwọn onímọ̀ ìṣirò. Diophantus, tó gbé ní Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ti ń bá irú ìṣirò yẹn jà.

16/ Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Mú àmì méjì lórí ìlà náà, fa ìlà tó gún gba àárín wọn, ó máa gún ìlà tó tẹ̀ náà níbi kẹta. Yí ibi yẹn dójú dé, o ti rí àmì tuntun. Máa tún un ṣe. Ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ibi tí o parí sí ni kọ́kọ́rọ́ gbangba. Iye ìgbà tí o fò, ìyẹn ni àṣírí.

17/ Ẹ fojú inú wo ọlọ́kadà tó ń yí po ní àdúgbò. Ẹ mọ ibi tó ti gbéra, ẹ rí ibi tó dúró sí. Ẹ wá sọ iye ìgbà tó yí po fún mi! Tí iye yẹn bá jẹ́ nọ́ńbà tó ń lọ bí 78 dígíìtì, kò sí kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí tó lè kà á tán.

18/ Èrè ẹ̀ rèé: kọ́kọ́rọ́ elliptic curve oní-bit 256 lágbára tó RSA oní-bit 3072. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìdí nìyẹn tó fi wà nínú WhatsApp yín, tó sì wà nínú Bitcoin láti 2009. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ crypto láàárọ̀ lálẹ́, ìlà tó tẹ̀ lẹ fi ń fọwọ́ síwèé.

19/ Kí ló wá dé tí kò tètè tàn? Àwọn kan ní kò tíì pẹ́ tó láti gbà gbọ́. Bákan náà, Certicom, ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà, fi ẹ̀tọ́ onímọ̀ de ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, débi pé NSA Amẹ́ríkà gan-an lọ sanwó fún wọn ní 2003. Wọ́n ti yan àwọn ìlà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2000, P-256 wà lára wọn. Ìgbà tó di 2006 ni wọ́n kọ ìlànà bí TLS ṣe máa lò ó.

20/ Ìtìjú náà wà nínú ìtàn yìí. Lópin 2010, àwọn kan fi han gbogbo ayé bí Sony ṣe fọwọ́ sí àwọn eré PlayStation 3. Ó yẹ kí wọ́n máa lo nọ́ńbà tuntun ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí nǹkan. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń lò ṣáá. Ìyẹn tó láti ṣírò kọ́kọ́rọ́ àṣírí wọn. Ìlà ò ṣẹ̀. Ẹni tó lò ó ló ṣi í lò.

21/ Ní 2013, ìwé tí Edward Snowden tú síta mú káwọn èèyàn fura pé NSA ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú Dual_EC, ohun kan tó ń pèsè nọ́ńbà láti ara elliptic curve. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tiẹ̀ bá gbogbo èèyàn lójijì. Àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft méjì ti kì wá nílọ̀ ní 2007. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà ní 2014. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ti fẹ́ràn Curve25519 ti Daniel J. Bernstein, torí ó ṣàlàyé ìdí tó fi yan nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

22/ Èyí tó dùn mí jù ni ti DigiNotar. Ilé-iṣẹ́ kan ní Netherlands ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Ní 2011, olè wọlé sí wọn, ó fi orúkọ wọn ṣe ìwé ẹ̀rí ayédèrú tó lé ní 500. Ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ ti Google. Wọ́n lò ó láti tẹ́tí sí àwọn tó ń lo Gmail ní Iran, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (300,000) àdírẹ́sì ló kàn. Ẹ rò ó: ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó rí àgádágodo, tó rò pé òun wà láìléwu.

23/ Gbogbo browser yọ DigiNotar kúrò nínú àwọn tí wọ́n gbà gbọ́. Kí September yẹn tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti wó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìwé ẹ̀rí ò níye lórí ju ẹni tó fọwọ́ sí i lọ. Owó tí wọ́n gbà ò sọ wọ́n di ẹni tó ṣeé fọkàn tán.

24/ Ibi tí ọ̀fẹ́ ti wọlé rèé. Josh Aas àti Eric Rescorla ní Mozilla, Peter Eckersley ní EFF, àti J. Alex Halderman ní Yunifásítì Michigan pawọ́ pọ̀. Ní November 2014 wọ́n kéde Let's Encrypt. Ní December 3, 2015 wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn. Kò sí kọ́bọ̀, kò sí fọ́ọ̀mù. Nígbà tó fi máa di February 2020, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti ṣe ti pé bílíọ̀nù kan.

25/ Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ èèyàn wò láìsí òṣìṣẹ́? Kọ̀ǹpútà wọn á bi kọ̀ǹpútà yín pé: "O ní ìwọ lo ni orúkọ yìí? Ó dáa, gbé ohun tí mo fún ẹ yìí síbi báyìí lórí sáìtì yẹn, kí n wá wò ó." Tó bá bá a níbẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Kò tó ìṣẹ́jú kan. ACME ni wọ́n ń pe ìlànà yẹn, ó sì di ìlànà gbogbogbò ní 2019.

26/ Sọ́fítíwíà tí EFF ṣe láti máa bójú tó gbogbo èyí fún yín ni Certbot. RSA ló kọ́kọ́ ń ṣe. Ní December 2020, ó gbà kéèyàn fẹnu ara ẹ̀ béèrè elliptic curve. Ní November 2022, nígbà tí Certbot 2.0 dé, elliptic curve di ohun tí ó ń ṣe fúnra ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Láti 1985 sí 2022, ọdún 37 nìyẹn! Kì í kúkú tètè yá.

27/ Tí ẹ bá ní sáfà Ubuntu tó ń lo nginx, ohun tí ẹ máa tẹ̀ rèé:

sudo snap install --classic certbot
sudo certbot --nginx

Ó máa bi yín nípa email àti orúkọ sáìtì, ó parí. Ẹ wá tẹ̀:

sudo certbot certificates

Tí ẹ bá rí ECDSA níbẹ̀, ìlà tó tẹ̀ ló ń ṣọ́ ilé yín. Sáìtì tó ti ní RSA tẹ́lẹ̀ máa wà lórí RSA bí ó ṣe ń sọ ìwé ẹ̀rí ẹ̀ dọ̀tun, àfi tí ẹ bá fi "--key-type ecdsa" kún un. Fáìlì tó ń jẹ́ privkey.pem, àṣírí ni. Ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan lórí WhatsApp, ì báà jẹ́ ẹni tó ń bá yín tún sáìtì ṣe.

28/ Ọjọ́ 90 ni irú ìwé ẹ̀rí yìí ń lò kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé. Certbot á sọ ọ́ dọ̀tun fúnra ẹ̀. Ẹ fi "sudo certbot renew --dry-run" dán an wò, torí ìgbàgbé ń ṣe àgbà. Ní December 2018, ìwé ẹ̀rí kan tọ́jọ́ ẹ̀ ti kọjá nínú sọ́fítíwíà Ericsson ló pa dátà àwọn tó ń lo O2 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè rántí ọjọ́ yẹn. Àwọn tó ń ṣòfin ọ̀rọ̀ yìí ti fẹnu kò pé tó bá di 2029, ọjọ́ 47 péré ni ìwé ẹ̀rí á máa lò. Kò ní ṣé fọwọ́ ṣe mọ́.

29/ Ìkìlọ̀ kan, mo bẹ̀ yín. Ọ̀fẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó dé ọ̀dọ̀ olè náà. Àwọn ọmọ Yahoo máa ń ní àgádágodo lórí sáìtì wọn. Ohun tó ń sọ ni pé orúkọ tí ẹ rí lókè, ibẹ̀ lẹ wà lóòótọ́. Kò sọ pé olóòótọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Chrome tiẹ̀ pààrọ̀ àmì àgádágodo yẹn ní 2023, torí àwọn èèyàn ń kà á sí ẹ̀rí ìwà rere. Ẹ ka orúkọ sáìtì, lẹ́tà kan sí èkejì, kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà káàdì.

30/ Kí ló kàn mí níbẹ̀? Mò ń kọ ìtàn Yorùbá sórí sáìtì tèmi. Ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ kọ owó SSL mọ́ mi lọ́rùn, wọ́n sì ní sáìtì mi ò ní ṣí láìsí i. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ tà fún mi, ti Let's Encrypt náà ni. Mo kó ẹrù mi kúrò ńbẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa pa sáìtì tì nítorí owó yẹn, ohun tí wọ́n fẹ́ kọ lédè wa á sì kú sínú wọn. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

31/ N ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń gbowó ni olè o. Ìwé ẹ̀rí kan wà tí wọ́n ti ń yẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ àti àdírẹ́sì ẹ̀ wò, iṣẹ́ wà nínú ìyẹn. Ẹni tó bá sì bá yín ṣètò sáfà, ẹ san owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ṣọ́ọ̀bù aṣọ, blog, tàbí sáìtì ìgbéyàwó yín, ẹ bi olùgbàlejò sáìtì yín pé: "Ṣé ẹ gba Let's Encrypt láyè?" Tó bá ní rárá, ẹ béèrè ìdí.

32/ Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó fẹ́ sanwó SSL lóṣù yìí, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn án kó tó fowó ránṣẹ́. Ìbéèrè yín ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá dáhùn gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. 🔐